Kẹ́ẹ̀gì Márùn-ún

Gíláàsì fèrèsé ni mo ń gé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì,
ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Arákàlẹ̀, l'Ákùúrẹ́,
tí Ìbídùnní fi wọlé tòun ti ike kọ́sítádì,
bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, omi ń kán tò wọ́n lẹ́sẹ̀.
"Ẹ wò ó," ọmọ wí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó:
ahun omi, kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ,
irùngbọ̀n méjì tín-ín-rín lábẹ́ àgbọ̀n
bí àgbàlagbà tí wọ́n gbàgbé láti tẹ̀ tóbi.
Odò Àlà ló kún, ló gbé e wá sẹ́yìnkùlé wọn.

Bàbá ní, "Akínlósotú, kékeré ni kí o gé.
Ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Ẹ̀dá tó gbé ilé pọ̀n,
ilé wo ló tún ń bèèrè?"

Ǹ bá gé e. N kò ní purọ́.
Àjẹkù fèrèsé oníbàárà kan ti tó o,
bírò ti wà létí mi, tépù ti wà nílẹ̀.
Àfi bí ahun ṣe jáde nínú ike,
tó na ọrùn (ọrùn náà gùn ju bí mo ṣe rò lọ),
tó rìn dé etí tábìlì mi,
tó dúró, tó ń wo ilẹ̀.

Mo rántí aṣọ ilé-ìwé mi.
Ìyá mi, ọmọ Ìdànrè, kì í rán èyí tó bá mi mu.
Á ní kí télọ̀ fi ìka mẹ́rin kún un nísàlẹ̀,
á ṣẹ́ ẹ sókè, á fi òwú funfun há a;
bí mo bá ti ń ga, á tú ìlà kan.
Ní ìwé kẹta, aṣọ ń gbá ilẹ̀ kiri.
Ní ìwé kẹfà, orúnkún mi ti ń kí ará àdúgbò.
Bàtà ńkọ́? Ìwé ìròyìn la kì bọ imú rẹ̀.
Ta ní ń ra bàtà fún ẹsẹ̀ àná?

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ilé ahun ò gba ahun,
ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò.
Ohun tó wà lẹ́yìn yẹn, aṣọ ni. Kì í ṣe ilé."

Mo wọn igbá ẹ̀yìn náà: ínṣì méjì ààbọ̀.
Gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá sí ínṣì kan,
bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Óǹdó ṣe máa ń wí.
Èmi ò mọ gálọ́ọ̀nù. Kẹ́ẹ̀gì ni mo mọ̀,
èyí tí gbogbo wa ń tò síwájú kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.
Mẹ́rin fún òní,
ọ̀kan fún ìgbà tó bá dàgbà díẹ̀ sí i.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn, ọ̀kan ààbọ̀ níbùú.
Ẹ má kún un dé ẹnu o, ahun mọ ògiri í gùn.
Ẹ fi pátákó sígun kan, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé,
kó lè gòkè lọ gbẹ ẹ̀yìn.
Kì í sì í ṣe orí tábìlì tẹlifíṣàn:
omi yẹn wúwo tó ọkùnrin méjì. Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ tò.

Bàbá bèèrè iye. Mo sọ ọ́.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni eyín ń dùn.
Ìbídùnní ò gbọ́ tiwa; ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn tábìlì,
ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ sí ahun létí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n san án. Ẹ̀kẹta kò tíì dé.
Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé e lọ, a pọn omi, a dúró kó tòrò.
Ọmọ sọ ahun sí igun kan.
Ó rì díẹ̀, ó ta ẹsẹ̀, ó kọjú sí igun kejì.
A ń wò ó.
Ó pẹ́ kó tó débẹ̀.
Mo gbọ́ tí bàbá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi:
"Ó mà pẹ́ o."